Òfin Ìfarakanra Láàárín Ọkùnrin àti Obìnrin ní Ilé Ẹ̀kọ́ Ilẹ̀ Yorùbá

Nínú eré ẹkùn-mẹ́ran tí àwọn ọmọdé máa ń ṣe ní alẹ́ òṣùpá, tọkùnrin tobìnrin ni í di ara wọn lọ́wọ́ mú, tí wọn a sì sé ẹran mọ́ àárín agbo kí ẹkùn má baà rí i gbé. Àwọn àgbà a wà lójúde, wọn a máa wò wọ́n. Kò sí ẹni tí í bi ọmọkùnrin léèrè pé ọwọ́ ọmọ ta ni ó dì mú. Ṣùgbọ́n bí irú àwọn ọmọ wọ̀nyí bá dàgbà díẹ̀, tí wọ́n sì di ara wọn lọ́wọ́ mú bẹ́ẹ̀ nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ girama, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Òyìnbó ni àwọn kan ń tọ́ka sí pé ó gbé òfin yìí dé; àwọn mìíràn ń pè é ní àṣà ìbílẹ̀ tí ilé ẹ̀kọ́ kàn gbà lò. Ìtàn kò gbè sẹ́yìn èyíkéyìí nínú wọn pátápátá.

Àwọn baba ńlá Yorùbá kò fi ọmọ sílẹ̀ láìṣọ́. Bí ọmọbìnrin bá ti ń balágà, agbo òṣùpá a tán fún un. Ẹbí ọkọ lè ti máa fojú sóde fún un láti kékeré. Alárenà ni yóò gbé ọ̀rọ̀ lọ, tí yóò sì gbé èsì bọ̀. Nígbà tí ìṣíhùn bá ti wáyé, ọmọbìnrin náà a máa yà fún àfẹ́sọ́nà rẹ̀ bí ó bá rí i lójú ọ̀nà. Síbẹ̀, kì í ṣe ọwọ́ dídìmú gan-an ni ẹbí ń ṣọ́ bí kò ṣe ìbálé. Bí wọ́n bá bá a nílé, owó àti ẹ̀bùn a lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn òbí ìyàwó. Bí wọn kò bá bá a nílé, akèrègbè ẹmu tí kò kún ni wọn yóò rí gbà, ìtìjú ńlá sì ni. Ọ̀rọ̀ kì í sì í parí síbẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, wọn a mú ọmọbìnrin náà dárúkọ ẹni tí ó bà á jẹ́, ọkùnrin náà yóò sì san ìtanràn. Àṣà yìí le, ó sì ni obìnrin lára ju ọkùnrin lọ. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kò bọ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Nígbà tí àwọn ìjọ Kristẹni bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ girama ní Èkó, ògiri ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé. Àlùfáà T. B. Macaulay, àna Àjàyí Crowther, ṣí C.M.S. Grammar School fún àwọn ọmọkùnrin ní 1859. Ní 1869 ni ilé ẹ̀kọ́ àwọn obìnrin tẹ̀ lé e, èyí tí a wá pa pọ̀ mọ́ ti Kúdẹtì ní Ìbàdàn ní 1950, tí ó sì di St. Anne's. Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ṣe bákan náà: ti ọkùnrin ní 1878, ti obìnrin ní 1879. Níbi tí ojú kò ti rí ojú, òfin ìfarakanra kò ní iṣẹ́ púpọ̀ láti ṣe. Ìwé kíkọ ni a ń ṣọ́. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ a máa tú lẹ́tà wò kí ó tó dé ọwọ́ ọmọ tí a kọ ọ́ sí. (Ẹni tí ó bá ń ṣe kàyéfì pé lẹ́tà ìfẹ́ gbilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, kí ó rántí ògiri yìí.) Ilé ẹ̀kọ́ dí ọ̀nà, ṣùgbọ́n kò fi alárenà kankan sí i.

Ní Abẹ́òkúta, ọgbà kan náà ni ọkùnrin àti obìnrin bá ara wọn. Ní 1908 ni a dá Abẹ́òkúta Grammar School sílẹ̀. Ní 1914 ni ó gba ọmọbìnrin. Fúnmiláyọ̀ Thomas wà lára àwọn àkọ́kọ́. Ní 1925 ó fẹ́ Àlùfáà I. O. Ransome-Kuti, tí òun náà ti kàwé níbẹ̀, tí ó sì di ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà ní 1932. Irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ kò lè fi ògiri ṣe olùṣọ́ mọ́. Ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ jókòó sí, wákàtí tí ó wà níta, bí ó ṣe súnmọ́ ẹlòmíràn tó, gbogbo rẹ̀ ni ó di ohun tí òfin ń tọ́.

Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni ó sọ ọ̀rọ̀ náà di ti gbogbo ìlú. Ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1955. Àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹgbẹ́ U.P.N. ń ṣàkóso bẹ̀rẹ̀ ti girama ní 1979. Èrò pọ̀, olùkọ́ kò tó. Ojú olùkọ́ kan kò lè rí ohun tí ó wà nínú ọkàn ọgọ́rùn-ún ọmọ, ṣùgbọ́n ó lè rí ọwọ́ lórí èjìká. Nítorí náà ni ìfarakanra gbogbo fi di ẹ̀ṣẹ̀, ìbáà ṣe ti ọ̀rẹ́ tàbí ti olólùfẹ́.

Fún ọwọ́ dídìmú, ìyà kan náà ni àwọn méjèèjì sábà máa ń jẹ. Bí ó bá di oyún ni ọ̀nà wọn yóò yà. Ọmọbìnrin a di ẹrù rẹ̀ lọ ilé. Ọmọkùnrin, ní ọ̀pọ̀ ìgbà, a jókòó ṣe ìdánwò àṣekágbá rẹ̀. Ìtìjú obìnrin ni ilé ẹ̀kọ́ mú nínú àṣà. Ìtanràn ọkùnrin ni ó fi sílẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá ń pe èyí ní àṣà Yorùbá, ìdajì àṣà ni ó ń pè bẹ́ẹ̀.

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003 sọ nínú abala kẹẹ̀ẹ́dógún rẹ̀ pé ọmọbìnrin tí ó bá lóyún kí ó tó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní àǹfààní láti tẹ̀ síwájú lẹ́yìn tí ó bá ti bímọ, bí agbára rẹ̀ bá ṣe mọ.