Ipa ROM Aṣàyẹ̀wò Nínú Àtúnṣe Ẹ̀rọ Ayára-bí-àṣá Àtijọ́

Oṣù kẹjọ ọdún 1981 ni ilé-iṣẹ́ IBM ní Amẹ́ríkà gbé ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá IBM 5150 jáde. Inú ṣíìpù ROM kan lórí mọ́dábọ́ọ̀dù rẹ̀ ni ìlànà tí ẹ̀rọ náà fi ń yẹ ara rẹ̀ wò wà. Ní kété tí a bá tàn án ni àyẹ̀wò ọ̀hún yóò bẹ̀rẹ̀.

Àléébù kan wà níbẹ̀. Bí kìlóbáìtì 16 àkọ́kọ́ nínú RAM bá bàjẹ́, àyẹ̀wò náà yóò dúró láìdún, láìsì fi ọ̀rọ̀ kankan hàn. Àwọn àgbà sì bọ̀, wọ́n ní ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́: mọ́dábọ́ọ̀dù tó ṣeé tún ṣe lè tipa bẹ́ẹ̀ di ohun àdànù.

ROM aṣàyẹ̀wò tí a mọ̀ sí Supersoft/Landmark ló wá ojútùú sí èyí. Atúnṣe yóò yọ ṣíìpù IBM kúrò ní ihò U33, yóò fi èyí rọ́pò rẹ̀. Kò ní dúró níbi àbùkù àkọ́kọ́. Yóò tẹ̀ síwájú, yóò sì fi èsì ìdánwò kọ̀ọ̀kan hàn. Àmọ́ bí ọpọlọ ẹ̀rọ gan-an, ìyẹn 8088, bá ti kú, ROM náà kò lè ṣiṣẹ́.

Ní àkótán, ìdákẹ́ ẹ̀rọ kì í ṣe ẹ̀rí ikú rẹ̀.