Germano Sommeiller àti Imú Tó Wọ Inú Òkè

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Àwọn àgbà máa ń pa òwe yìí fún ẹni tó ń kánjú, wọ́n sì tún ń fi í ṣèkìlọ̀ nípa ẹni tó ń fi ọgbọ́n gba ilẹ̀ onílẹ̀. Nínú ìlò méjèèjì, “díẹ̀díẹ̀” ni etí wa ń gbọ́ jù. Bẹ́ẹ̀, imú lòwe dárúkọ, kò dárúkọ ẹsẹ̀ tàbí ìdí. Imú ni ẹlẹ́dẹ̀ fi ń tú ilẹ̀, òun náà ló fi ń wá àyè wọgbà. Bí a bá yọ imú kúrò, sùúrù nìkan kò lè ṣí ọgbà fún un. Mi ò mọ ẹni tí ìgbésí ayé rẹ̀ tú òwe yìí tó ti Germano Sommeiller, ẹnjiníà tó dá òkè Alps lu.

Saint-Jeoire ní ilẹ̀ Savoy ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1815, ìlú Turin ló sì ti kẹ́kọ̀ọ́. Lábẹ́ ọba kan náà ni Turin àti Savoy wà nígbà náà, àmọ́ òkè Alps dábùú àárín wọn. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ni arìnrìn-àjò fi ń gba ọ̀nà orí òkè tí wọ́n ń pè ní Mont Cenis. Bí yìnyín bá bo ọ̀nà, Ọlọ́run ló ń kó wọn yọ. Giuseppe Medail, ará Bardonecchia, ti fi ibi tí òkè Alps ti tẹ́ẹ́rẹ́ jù tí wọ́n lè dá lu hàn, láàárín ìlú rẹ̀ àti Modane. Ó kú lọ́dún 1844 láìrí ẹni tó gbé òòlù. Ibi tẹ́ẹ́rẹ́ ọ̀hún gan-an ju kìlómítà 12 lọ.

Láyé ìgbà náà, bí wọ́n bá ń gbẹ́ ihò abẹ́ òkè, wọ́n a gbẹ́ kànga bíi mélòó kan láti òkè wá, kí òṣìṣẹ́ àti atẹ́gùn lè gba ibẹ̀ wọlé. Níbí, òkúta tó wà lórí ihò náà nípọn ju 1,000 mítà lọ, kànga kò ṣeé ṣe. Ẹnu méjì péré ló wà. Ẹ̀rọ tó ń fi èédú ṣiṣẹ́ kò sì ṣeé gbé wọlé, èéfín rẹ̀ á pa àwọn èèyàn sínú.

Oṣù Kẹjọ ọdún 1857 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ihò tí ọkọ̀ ojú irin yóò gbà, òòlù àti ẹ̀tù ìbọn ni wọ́n sì mú. Lójúmọ́, ohun tí wọ́n ń rí gbẹ́ lójú kan kò tó mítà kan. Sùúrù wà, imú ni kò sí.

Omi ni Sommeiller àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Sebastiano Grandis àti Severino Grattoni, yíjú sí. Omi tó ń ti orí òkè já wálẹ̀ ni wọ́n fi ń fún atẹ́gùn pọ̀ títí yóò fi lágbára. Páìpù gbé atẹ́gùn náà lọ sí ojú òkúta nínú lọ́hùn-ún, ó sì ń ti irin ẹ̀rọ lọ síwá sẹ́yìn, irin ń gún òkúta láìsinmi. Orí kẹ̀kẹ́ kan tó ń yí lórí irin ni wọ́n to àwọn ẹ̀rọ náà sí. Bí ihò bá pé, wọ́n á fa kẹ̀kẹ́ sẹ́yìn, wọ́n á ki ẹ̀tù, wọ́n á yìn ín, àwọn òṣìṣẹ́ á wá kó àfọ́kù òkúta jáde. Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni pé atẹ́gùn tó bá ti ṣiṣẹ́ tán nínú ẹ̀rọ yóò tú sínú ihò, òun làwọn òṣìṣẹ́ yóò sì máa mí. Ohun kan náà ló ń gbẹ́ òkè, tó sì ń gba ẹ̀mí là.

Sommeiller kọ́ ló kọ́kọ́ ronú kan atẹ́gùn. Daniel Colladon ará Geneva ti dábàá rẹ̀, Thomas Bartlett ará Gẹ̀ẹ́sì náà sì ti ṣe ẹ̀rọ tó ń dá òkúta lu. Lójú tèmi, èyí kò bu iyì Sommeiller kù, nítorí òun ló gbé ẹ̀rọ tirẹ̀ wọ inú òkè tó sì dúró tì í títí ó fi ṣiṣẹ́.

Lọ́dún 1861 ni ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ ní Bardonecchia, lọ́dún 1863 ní Modane. Savoy ti di ti Faransé lọ́dún 1860, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ láàárín ilẹ̀ ọba kan di iṣẹ́ ẹnubodè. Àdéhùn tí ìjọba méjèèjì ṣe fún Ítálì, tí Turin ti di ara rẹ̀, láyè ọdún 25 láti parí iṣẹ́ náà. Faransé yóò sì fowó kún owó fún ọdún kọ̀ọ̀kan tó bá dín. Ọdún 13 ló gbà wọ́n. Ní òpin oṣù Kejìlá ọdún 1870, ìhà méjèèjì pàdé lábẹ́ òkè, ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn kò sì tó mítà kan.

Ọjọ́ 17 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1871 ni wọ́n ṣí ọ̀nà náà. Sommeiller ti kú ní oṣù Keje ọdún náà, ní Saint-Jeoire tí wọ́n bí i sí. Kò pẹ́ tí lẹ́tà tó ń ti London lọ sí Íńdíà fi bẹ̀rẹ̀ sí í gba ihò náà lọ sí èbúté Brindisi. Lọ́dún 1872 làwọn ará Switzerland bẹ̀rẹ̀ ihò Gotthard, kìlómítà 15. Atẹ́gùn tí omi fún pọ̀ ni wọ́n fi ń wa ẹ̀rọ wọn níbẹ̀ náà, dáínámáìtì sì ti rọ́pò ẹ̀tù. Kí ọdún mẹ́jọ tó pé, ìhà méjèèjì ti pàdé.