Ọjọ́bọ̀ Kan Lórí Aago Ikogosi

Lóṣù kẹjọ ọdún, wákàtí mẹ́jọ ni Japan fi ṣáájú Ikogosi-Ekiti, wákàtí mẹ́jọ náà sì ni Los Angeles fi ń tẹ̀lé e lẹ́yìn. Ọ̀ràn tí mo fẹ́ sọ kan Japan, Nàìjíríà àti Amẹ́ríkà, nítorí náà aago tiwa ni mo fi ka ọjọ́ náà: Ọjọ́bọ̀, 22 oṣù kẹjọ 2019.

Aago méjìlá òru. Ikogosi ti sùn, ṣùgbọ́n aago mẹ́jọ àárọ̀ ti lù ní Japan. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tí ìwé ilé ẹjọ́ pè ní F.K. lásán. Lóṣù kẹta 2016 ni ó pàdé ọkùnrin kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó pe ara rẹ̀ ní Terry Garcia, ọ̀gá sójà Amẹ́ríkà ní Síríà. Google ló ń bá obìnrin náà túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ń wọlé lójoojúmọ́, títí sójà fi ní òun rí àpò dáyámọ́ǹdì kan, kí ó bá òun gbà á. Owó ẹni tó máa gbé e, owó ilé iṣẹ́ akẹ́rù, owó kọ́sítọ́ọ̀mù: oṣù mẹ́wàá ni ó fi ń sanwó, nǹkan bí ìgbà 35 sí 40. Ó yá lọ́wọ́ ẹbí, ó yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́, ó yá lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀ àtijọ́ pàápàá. Ọ̀kẹ́ mẹ́wàá dọ́là ($200,000) ló bá a lọ. Kò sí Terry, kò sí dáyámọ́ǹdì.

Aago mẹ́fà àárọ̀. Ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀ ní Ikogosi. Alẹ́ Ọjọ́rú ni ní Los Angeles. Ìwé ẹ̀sùn lórí jìbìtì tí F.K. kó sí àti irú rẹ̀ ti wà nílẹ̀ níbẹ̀, èèyàn 80, ẹ̀sùn 252, ṣùgbọ́n a ò tíì tú u síta.

Aago méjì ọ̀sán wa ni aago mẹ́fà àárọ̀ ní Los Angeles. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ni wọ́n mú èèyàn 14, 11 nínú wọn ní agbègbè Los Angeles. Wọ́n ní òkè òkun ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó kù wà, ní Nàìjíríà pàápàá.

Ìròyìn jáde lọ́jọ́ náà láti ọ́fíìsì Nick Hanna, agbẹjọ́rò ìjọba Amẹ́ríkà níbẹ̀: ó kéré tán, mílíọ̀nù 6 dọ́là ti lọ, 40 mílíọ̀nù míì ni àwọn afurasí sì fẹ́ kó. Àwọn orúkọ tí ayé ń kà, orúkọ ilé wa ni. Ó dùn mí gan-an, torí ọmọ Aramọkọ tàbí Ẹ̀fọ̀n nítòsí wa tó ń fi òtítọ́ wáṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n máa kọ́kọ́ fura sí.

Alẹ́ lẹ́ ní Ikogosi, ilé ẹjọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́ ní Los Angeles. FBI kò lè wá kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni níbí. Ìwé gbọ́dọ̀ dé Abuja, kí mínísítà ìdájọ́ gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀. Owó ń sọdá ààlà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ìwé ń rìn fún oṣù.

Kì í ṣe pé kò ṣeé ṣe. Lọ́jọ́ 10 oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà, wọ́n kéde iṣẹ́ míì tí wọ́n pè ní reWired: èèyàn 281 ni wọ́n mú káàkiri ayé, 167 nínú wọn ní Nàìjíríà, níbi tí EFCC, àjọ tó ń gbógun ti jìbìtì owó, ti bá FBI ṣiṣẹ́ pọ̀.

Lójú tèmi, ohun tó tún ju ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ ni Àdéhùn Budapest, àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè lórí ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ní kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní ọ́fíìsì tí yóò máa dáhùn tọ̀sán-tòru, kí ẹ̀rí má baà parẹ́ kí ìwé tó dé. Nígbà tí F.K. ń sanwó lọ́wọ́, Amẹ́ríkà àti Japan ti wà nínú rẹ̀. Ọdún 2022 ni Nàìjíríà wọ̀ ọ́.