Ta Ló Bi Akẹ́kọ̀ọ́ Léèrè?

Nígbà tí a wà ní 200 level, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ wa ò padà wá lẹ́yìn ìsinmi. Carry-over mẹ́ta ló ní ní sẹ́mẹ́sítà tó ṣáájú, ohun tó sì wà nínú ìwé ilé ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀ nìyẹn. Ohun tí àwa tí a jọ ń gbé yàrá kan mọ̀ ni pé káàdì ìpè ló máa ń tà ní géètì láti ìrọ̀lẹ́. Tó bá fi máa padà dé, iná ti lọ, ara ẹ̀ náà ti kú. Kì í ṣe pé orí ẹ̀ ò pé. Course adviser wa buwọ́ lu fọ́ọ̀mù ẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, kò sì lò tó ìṣẹ́jú méjì lórí ìkankan. Kò kórìíra ẹ̀ o. Èrò tó wà lórí ìlà ti pọ̀ jù ni. Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù náà ò ní ibì kankan tí wọ́n ti bi ọmọ náà pé: báwo ni ìwọ fúnra ẹ ṣe rò pé ó ń lọ?

Àwọn àgbà ní ohun tó ń ṣe Lébáńdé ò ṣe ọmọ ẹ̀. Lébáńdé ń wówó, ọmọ ẹ̀ ń wọ́kọ. Ilé ẹ̀kọ́ ń wo máàkì, ọ̀rẹ́ wa ń wá owó oúnjẹ. Ọ̀rọ̀ yìí ló jẹ́ ká wá ìtàn àwọn tó kọ́kọ́ rò ó pé ó yẹ kí wọ́n bi akẹ́kọ̀ọ́ léèrè. Amẹ́ríkà ni ìtàn náà gbé wa lọ.

Iṣẹ́ olùdámọ̀ràn ti pẹ́ níbẹ̀. Láti 1877 ni Johns Hopkins ti ní ètò tí olùkọ́ fi ń tọ́ akẹ́kọ̀ọ́ sọ́nà. Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, iṣẹ́ náà ò fi bẹ́ẹ̀ ju kí wọ́n sọ kọ́ọ̀sì tí ẹni náà máa mú fún un. Bí ẹnìkan bá já bọ́, wọ́n á ní kò kún ojú òṣùwọ̀n ni. Nígbà tó yá, òfin 1944 san owó ilé ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ ogun tó ti ogun dé, òfin 1965 sì mú ẹ̀bùn owó àti owó yíyá wá fún àwọn tí ò lówó lọ́wọ́. Àwọn ọmọ tí òbí wọn ò dé géètì yunifásítì rí bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ilẹ̀kùn ti fẹ̀ sí i, àmọ́ bí wọ́n ṣe ń dá wọn nímọ̀ràn ò tíì yàtọ̀.

Ní 1972, Burns Crookston kọ àpilẹ̀kọ kan tí àwọn olùdámọ̀ràn ṣì ń tọ́ka sí dòní. Ó ní ọ̀pọ̀ olùdámọ̀ràn ń ṣe bíi dókítà: aláìsàn á jókòó, dókítà á kọ oògùn, ó parí. Ó ní ó yẹ kí ó jẹ́ iṣẹ́ àjọṣe, kí àwọn méjèèjì jọ ronú, kí akẹ́kọ̀ọ́ náà ní ẹrù tirẹ̀ tó máa gbé. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní 1975, Vincent Tinto ṣàlàyé pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọpọlọ nìkan ló ń lé èèyàn kúrò nílé ẹ̀kọ́. Ohun tí èèyàn gbé wá láti ilé wà ńbẹ̀. Bó ṣe bá ẹ̀kọ́ mu àti bó ṣe bá àwọn èèyàn ibẹ̀ ṣe náà wà ńbẹ̀. Èwo nínú ìwọ̀nyí ni èsì ìdánwò lè sọ fún ẹ? Díẹ̀ ni. Akẹ́kọ̀ọ́ ló lè sọ ìyókù.

Ní 1987, Claire Ellen Weinstein àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ ẹ̀ ní University of Texas ní Austin gbé ìwé ìbéèrè kan jáde tí wọ́n ń pè ní LASSI. Akẹ́kọ̀ọ́ á ka gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, á sì sọ bó ṣe bá òun mu tó. Ọ̀nà mẹ́wàá ló fi ń yẹ ara ẹ̀ wò: bó ṣe ń lo àkókò, bí ẹ̀rù ṣe ń bà á tó, bí ọkàn ẹ̀ ṣe ń dúró sójú kan, bó ṣe ń dán ara ẹ̀ wò kí ìdánwò tó dé, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó wù wá jù nínú ẹ̀ ni pé wọn kì í ro máàkì mẹ́wẹ̀ẹ̀wá pọ̀ di ẹyọ kan. Àwa tí à ń kọ kóòdù mọ̀ pé ìlà kan péré ni ìròpọ̀ yẹn máa gbà. Ṣùgbọ́n tí o bá ro ẹ̀rù ìdánwò pọ̀ mọ́ àìmọ àkókò lò, o ti nu ohun tí ò ń wá nù. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà nílò ìrànwọ́ kan, ẹni tí ò mọ àkókò lò nílò òmíràn.

Ẹ má rò pé gbogbo ohun tí èèyàn bá sọ nípa ara ẹ̀ náà ló rí bẹ́ẹ̀ o. Ní 1999, Justin Kruger àti David Dunning ti Cornell fi hàn pé àwọn tó wà ní ìdá kan nínú mẹ́rin tó gbẹ̀yìn nínú ìdánwò wọn rò pé àwọn dáa ju ìdajì àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ. Àgbà òṣìkà ní í gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá. Nítorí náà, olùdámọ̀ràn tó mọ iṣẹ́ á gbé ìdáhùn akẹ́kọ̀ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ èsì ìdánwò. Ibi tí méjèèjì ò ti bára mu, ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tó ju ìyẹn lọ: kí ni wọ́n fẹ́ fi ìdáhùn náà ṣe? Ní oṣù kìíní ọdún 2016, The Mountain Echo, ìwé ìròyìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mount St. Mary's University ní ìpínlẹ̀ Maryland, tú àṣírí kan. Wọ́n ti fún àwọn ọmọ ọdún kìíní ní ìwé ìbéèrè nípa ara wọn, wọ́n sì ní kò sí ìdáhùn tó kùnà níbẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí ìwé ìròyìn náà ṣe sọ, ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ náà, Simon Newman, ń gbèrò láti fi ìdáhùn yẹn ṣàwárí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bíi 20 sí 25 tí wọ́n á ní kí wọ́n máa lọ kí ọjọ́ ìkà-orí tó pé. Ẹni tó bá ti lọ ṣáájú ọjọ́ yẹn ò ní sí nínú ìṣirò, iye àwọn tó dúró á sì dà bíi pé ó lọ sókè. Àwọn kan nínú àwọn aláṣẹ àti olùkọ́ tako o. Wọ́n yọ igbákejì ọ̀gá nípò, wọ́n lé olùkọ́ méjì kí wọ́n tó pè wọ́n padà. Nígbà tí oṣù kejì fi máa parí, Newman ti kọ̀wé fipò sílẹ̀.

Irú ìbéèrè tí LASSI fi ń ranni lọ́wọ́ ni wọ́n fẹ́ sọ di ọ̀nà ìléni. Ọ̀bẹ tó ń gé iṣu náà lè gé ọwọ́.

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ilé ẹ̀kọ́ kan ní ká ṣe ètò orí kọ̀ǹpútà tí á máa fi àmì pupa sára akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ já bọ́. Iṣẹ́ tó rọrùn ni. Kí a tó kọ ìlà kan, a bi wọ́n pé: ta ló máa rí àmì yìí? Ṣé akẹ́kọ̀ọ́ náà á rí i? Tó bá sọ pé owó oúnjẹ ò sí, ṣé ẹnìkan máa pè é, àbí wọ́n á kàn yọ orúkọ ẹ̀? Wọ́n ní àwọn ò tíì ronú débẹ̀. A ní kí wọ́n lọ ronú ẹ̀ ná, ká tó bẹ̀rẹ̀.

A máa ń bi ara wa pé ká ní fọ́ọ̀mù wa ìgbà yẹn ní àyè ìbéèrè, ṣé ọ̀rẹ́ wa ì bá kọ òótọ́ síbẹ̀? Ó ṣeé ṣe, tó bá jẹ́ pé ó gbà pé wọ́n fẹ́ mọ̀ kí wọ́n lè ran òun lọ́wọ́. Tó bá rò pé wọ́n á fi gbé òun jù síta, "kò sí wàhálà" ló máa kọ, á sì padà sí géètì.