Bí Àwọn Ará Etí Odò Ṣe Ń Fi Omi àti Ẹyẹ Ka Oṣù Lẹ́bàá Ọya

Bí a bá ṣí ìwé ìtàn Odò Ọya, àwọn àlejò tó wá wò ó la máa ń kọ́kọ́ bá pàdé: Mungo Park tó kú sínú omi Bùsà ní 1806, Richard àti John Lander tó wa ọkọ̀ láti ibẹ̀ dé etí òkun ní 1830, àti àwọn ọkọ̀ ojú omi elééfín tó tẹ̀ lé wọn. Kí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó dé, àwọn Núpé, Yorùbá àti Kàmbàrí ti ń ṣílẹ̀kùn sí odò yìí láràárọ̀. Wọ́n mọ ìgbà tí omi ń gbéra, wọ́n mọ ẹyẹ tó ń dé àti èyí tó ń lọ, wọ́n sì mọ ọjọ́ tí ẹja ń kúrò nínú ibú bọ́ sórí koríko. A máa ń pe irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀rọ̀ àwọn àgbà, a sì máa ń fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Èrò tèmi ni pé ìmọ̀ tí a yẹ̀ wò tí ó sì yege ni, pé ó yẹ kó ní àyè nínú ìtàn Ọya bí ìwé àwọn àlejò ti ní, àti pé a kò lè mọ ohun tó ń ṣe odò wa lónìí láìsí i.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti inú omi fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ odò ilẹ̀ wa, òjò ibi tí wọ́n wà ni wọ́n ń tẹ̀ lé: òjò dé, odò kún, òjò lọ, odò fà. Ní Jẹ́bà àti lókè rẹ̀, Ọya kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń kún. Omi funfun ló ń kọ́kọ́ dé, láàárín oṣù Kẹjọ sí oṣù Kẹwàá. Òjò tó rọ̀ nítòsí, lápá Ṣókótó àti Kẹ́bbí, ló ń gbé e wá, amọ̀ inú rẹ̀ ló sì ń jẹ́ kó rí bí omi ògì. Lẹ́yìn tó bá fà tán, nígbà tí ọyẹ́ ti ń fẹ́, tí ètè ń là, tí kò sí ẹ̀kán òjò kan lójú ọ̀run, odò náà á tún gbéra. Omi dúdú nìyẹn. Orí àwọn òkè Gínì ni òjò rẹ̀ ti rọ̀ ní ọ̀pọ̀ oṣù sẹ́yìn. Ó gba inú àbàtà ńlá Málì kọjá, ó sọ ẹrẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀ síbẹ̀, oòrùn sì fa púpọ̀ nínú rẹ̀ gbẹ, ìdí nìyẹn tó fi ń dé ọ̀dọ̀ wa ní mímọ́ gaara. Ẹni tó ń gbé etí odò kò ní láti dé Gínì kó tó mọ̀ pé omi méjì ni. Àwọ̀ wọn yàtọ̀, ìgbà wọn yàtọ̀, iṣẹ́ tí a ń fi wọ́n ṣe náà yàtọ̀. Bí omi funfun bá fà, ó ti fi ẹrẹ̀ tuntun sílẹ̀ ní àkùrọ̀ fún àgbẹ̀. Bí omi dúdú bá dé, ọ̀nà ọkọ̀ tún ṣí nígbà tí àwọn odò kéékèèké ti gbẹ.

Ìtàn àwọn ọkọ̀ òyìnbó fi hàn bí ìmọ̀ yìí ti níye lórí tó. Ní 1832, ọkọ̀ Quorra àti Alburkah, tí Macgregor Laird àti Richard Lander kó wá, wọ ẹnu odò ní oṣù Kẹwàá, nígbà tí omi ti ń múra àtifà. Kò pẹ́ tí iyanrìn fi gbá Quorra mú nítòsí ibi tí Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé, ó sì há síbẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Nínú òyìnbó 48 tó wá, 9 péré ló yè. Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ní 1854, ọkọ̀ Pleiad, tí Baikie ṣe olórí rẹ̀, tí Samuel Àjàyí Crowther sì wà nínú rẹ̀, bá omi tó ń kún wọlé ní oṣù Keje, ó sì jáde ní oṣù Kọkànlá. Kò sí ẹni tó kú nínú wọn. Òótọ́ ni pé oògùn quinine ló gbà wọ́n lọ́wọ́ ibà, a kò sì gbọ́dọ̀ du oògùn náà ní ọlá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ kí ọkọ̀ lọ, kó sì bọ̀, ni pé wọ́n bá ìgbà omi rìn. Ẹ̀kọ́ tí àlejò fi ẹ̀mí àti ọkọ̀ rà, ọmọ apẹja etí odò ń rí i kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́nu bàbá rẹ̀.

Omi nìkan kọ́ ni wọ́n ń wò. Lékeléke ń dé ìhà gúúsù nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, á máa tẹ̀ lé màlúù kiri títí ẹ̀ẹ̀rùn yóò fi parí, lẹ́yìn náà á bá òjò lọ sí òkè ọya láti lọ pamọ. Ẹni tó bá wò ó dáadáa á mọ̀ pé ó fẹ́ lọ kó tó lọ: ìyẹ́ orí, àyà àti ẹ̀yìn rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n rẹ́súrẹ́sú, àgógó rẹ̀ náà á sì máa pọ́n sí i. Àwọn ọmọdé tó ń na èékánná sí i pé kó fún àwọn ní funfun ń ṣeré tó ní àsìkò tirẹ̀. Àwòdì náà ń bá ẹ̀ẹ̀rùn dé, á pamọ sọ́dọ̀ wa, á máa gbá kòkòrò tó ń sá fún iná ìgbẹ́, á sì padà sí òkè ọya bí òjò bá ti rinlẹ̀. Àwọn tó sọ pé àwòdì tó ń re Ìbarà, ẹ̀fúùfù ta á nídìí, ó ní iṣẹ́ kúkú yá, ti wo ẹyẹ àti atẹ́gùn pọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, èsúnsún á tú jáde láti inú ilẹ̀, kọ̀nkọ̀ á gbohùn sókè. Bí omi bá sì ti gun koríko etí odò, àrọ̀ á jáde láti lọ yé ẹyin síbẹ̀, ẹnu ọ̀nà tó máa gbà ni apẹja ń dẹ ìgèrè sí.

Àwọn kan á ní ìgbàgbọ́ lásán ni gbogbo èyí, nítorí pé àwọn èèyàn kan náà ló ń bọ Ọya, tí wọ́n ń pè é ní aya Ṣàngó, tí kò sì sí ẹni tó kọ ohunkóhun sílẹ̀ nínú wọn. Mi ò jiyàn pé ẹ̀sìn wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹbọ kì í sọ fún apẹja ibi tí àrọ̀ ń gbà. Ojú ló fi rí i. Irúgbìn àti oúnjẹ ọmọ rẹ̀ ló fi ń dúró lé ohun tó rí. Bí àmì kan bá tàn án jẹ lọ́dún méjì tẹ̀ léra, yóò jù ú nù ni, torí ebi kò ní jẹ́ kó dì í mú. Èyí tó kù sọ́wọ́ àwọn àgbà ni èyí tó ti la irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ kọjá.

Àtakò kejì lágbára ju èyí lọ: pé àwọn àmì náà kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé mọ́. Ní 1968 ni wọ́n fi ìdídò Kàìnjì dí Ọya. Ìlú Bùsà àtijọ́ wọ abẹ́ adágún, wọ́n sì kó èèyàn tó lé ní 40,000 kúrò níbi tí bàbá wọn ti ń wo omi. Ìdídò Jẹ́bà tẹ̀ lé e láàárín ọdún 1980 sí 1989. Lórí odò Ọ̀yán, tó ń ṣàn wọnú odò Ògùn, wọ́n ṣí ìdídò mìíràn ní 1983. Láti ìgbà náà, ẹni tó ń ṣí ẹnu ìdídò ló ń bá òjò pín àṣẹ lórí omi. Ojú ọjọ́ náà sì ti yí padà. Àjọ ojú ọjọ́ NiMet ń sọ bí òjò ọdún yóò ṣe rí, àjọ omi NIHSA ń sọ ibi tí omíyalé lè dé. Kí la tún fẹ́ fi lékeléke ṣe?

Mo gbà pé ẹ̀rọ ń wọn ohun tí ojú kò lè wọ̀n, kò sì sí ẹni tó yẹ kó kọ etí dídi sí ìkìlọ̀ àwọn àjọ wọ̀nyí. Omíyalé 2012 lé èèyàn tó ju mílíọ̀nù 2 lọ kúrò nílé, ti 2022 sì gba ẹ̀mí tó lé ní 600. Ṣùgbọ́n àtakò yìí gan-an ló gbe ọ̀rọ̀ mi lẹ́yìn. Ẹni tó mọ ọjọ́ tí omi dúdú máa ń dé tẹ́lẹ̀ nìkan ló lè sọ pé kò dé bó ṣe yẹ. Ẹni tó mọ ibi tí àrọ̀ ń yé sí ló lè sọ pé kò wá mọ́. Ẹ̀rọ tí a gbé kalẹ̀ lẹ́yìn ìdídò kò lè jẹ́rìí sí bí odò ṣe rí ṣáájú rẹ̀. Àwọn tó rí i ló lè jẹ́rìí, wọ́n sì ń dín kù lọ́dọọdún. Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ ní Jẹ́bà, Pàtégì, Lọ́kọ́ja àti gbogbo etí odò Ògùn àti Ọ̀ṣun, ẹ rán àwọn ọmọ lọ bá àwọn àgbà apẹja nísinsìnyí. Ẹ kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀, kí ẹ sì máa kọ ọjọ́ tí lékeléke dé àti ọjọ́ tó lọ sínú ìwé kan náà lọ́dọọdún, kí àwọn àjọ ìjọba lè rí ohun tí wọ́n máa fi wé ìṣirò wọn.