Ta Ni Ilé Oúnjẹ Náà Ń Bọ́?

Ẹni tí ó bá gúnlẹ̀ sí Lọ́ńdọ̀nù lónìí, tí ó ní oúnjẹ Ìtálì ni ó ń wu òun í jẹ, kò ní rìn jìnnà kí ó tó rí ibi tí wọ́n ti ń tà á. Àsíá aláwọ̀ ewé, funfun àti pupa wà lára ògiri káàkiri ìlú. Orúkọ àwọn ará Ìtálì sì wà lókè ilẹ̀kùn. Ìṣòro onítọ̀hún kò ní jẹ́ ti àìrí, bí kò ṣe ti bí yóò ṣe mọ ojúlówó yàtọ̀ sí ayédèrú. Àwọn kan yóò ní kí ó wo àkọlé, àwọn mìíràn yóò ní kí ó wo iye owó. Lójú tèmi, ìbéèrè kan wà tí ó ju àkọlé àti owó lọ, tí ó yẹ kí a máa bi ilé oúnjẹ èyíkéyìí tí àjèjì bá dá sílẹ̀ ní ìlú onílùú: ta ni wọ́n ṣí i fún? Ìtàn àwọn ará Ìtálì ní Lọ́ńdọ̀nù ni mo fẹ́ fi ṣe àlàyé ìbéèrè náà. Ìtàn yìí kò mọ sórí oúnjẹ nìkan. Ikú wà nínú rẹ̀, ohun ìtìjú sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Clerkenwell ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀, ní àdúgbò kan tí kò jìnnà sí ibi tí àwọn ilé ìfowópamọ́ ńláńlá ìlú náà wà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ láti àríwá Ìtálì ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀dó síbẹ̀: àwọn tí ń ṣe dígí, àti àwọn tí ń ṣe irinṣẹ́ tí a fi ń mọ bí ojú ọjọ́ yóò ti rí. Lẹ́yìn wọn ni àwọn tálákà wọ́ dé láti àwọn abúlé orí òkè ní agbègbè Parma àti Lucca. Ilẹ̀ wọn kò tó wọn í dáko. Ẹsẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn sì fi rin ìrìn-àjò náà. Bí wọ́n ti dé, àwọn kan ń yí dùùrù ojú pópó fún owó kékeré, àwọn kan ń kiri ère. Saffron Hill, àdúgbò tí Charles Dickens fi ibùba àwọn olè sí nínú ìwé rẹ̀ *Oliver Twist*, ni wọ́n há ara wọn mọ́.

Nínú ìyà yìí, ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ohun tí wọ́n dá sílẹ̀. Ní ọdún 1841, Giuseppe Mazzini, ajìjàgbara tí ó sá wá sí Lọ́ńdọ̀nù nítorí ìjà ìṣọ̀kan Ìtálì, dá ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sílẹ̀ ní Hatton Garden fún àwọn ọmọ wọn. Ní ọdún 1863, wọ́n ya ilé ìjọsìn Pétérù Mímọ́ sí mímọ́. Ní ọdún 1878, ṣọ́ọ̀bù Terroni ṣí ní ẹ̀gbẹ́ ilé ìjọsìn náà. Ilé-ẹ̀kọ́, ilé ìjọsìn, ilé ìtajà: bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ lé ara wọn nìyẹn, kò sì sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọ́n dá sílẹ̀ nítorí ọmọ onílẹ̀. Ẹni tí ó bá jáde nínú ìsìn ọjọ́ Àìkú, ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ náà ni yóò ti ra wàràkàṣì, pásítà àti òróró ólífì tí yóò fi dáná ọ̀sán. Òǹtajà irú ibẹ̀ kò lè fi ayédèrú pe ojúlówó, nítorí pé ẹni tí ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ ti mọ adùn nǹkan náà láti ọwọ́ ìyá rẹ̀. Oníbàárà fúnra rẹ̀ ni olùdánwò.

Ṣùgbọ́n owó kò sí lọ́wọ́ ará ilé. Ọmọ onílẹ̀ ni owó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Carlo Gatti, ọmọ Ticino, apá ilẹ̀ Switzerland tí wọ́n ti ń sọ èdè Ìtálì, tètè mọ èyí. Ọdún 1847 ni ó dé Lọ́ńdọ̀nù, kò sì pẹ́ tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí ta áísìkirimù fún àwọn aráàlú ní ọjà Hungerford. Ó ń fi ọkọ̀ ojú omi kó yìnyín wá láti Norway, ó sì ń kó o pamọ́ sínú kòtò ńlá kan lẹ́bàá King's Cross, níbi tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ti àwọn odò àgbẹ́ wà lónìí. Àwọn ọmọ Ìtálì tí wọ́n tẹ̀ lé e ń fi kẹ̀kẹ́ kiri áísìkirimù lójú pópó. Nínú ife dígí kékeré ni wọ́n ń bù ú sí. Oníbàárà yóò san kọ́bọ̀ kan, yóò lá a tán, yóò dá ife padà, wọn yóò sì bu ti ẹlòmíràn sínú rẹ̀. Igbá méjì ni àwọn ará Ìtálì gbé kalẹ̀ báyìí: igbá ará ilé àti igbá ọmọ onílẹ̀. Ọ̀kan ń pa ìrántí mọ́, èkejì ń mú owó wọlé.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé igbá kejì ni ti ayédèrú. Ní ọdún 1900, ìdílé Pellicci ṣí ilé ìjẹun kan sí Bethnal Green, ní ìhà ìlà-oòrùn ìlú, láàrin àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì pọ́ńbélé. Ẹyin díndín, sọ́séèjì àti tíì gbígbóná ni ibẹ̀ fi gba orúkọ. Ìdílé náà ti Ìtálì wá, oúnjẹ òwúrọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì ń sè. Ní ọdún 2005, ìjọba fi ilé náà sínú àwọn ilé tí òfin dáàbò bò nítorí ẹwà iṣẹ́ pákó inú rẹ̀. Bí a bá wá oúnjẹ Parma lọ síbẹ̀, a ó pòfo. Bí a bá béèrè ẹni tí wọ́n ṣí i fún, ìdáhùn yóò ṣe kedere, a ó sì rí i pé ojúlówó ni láàyè ara rẹ̀.

Láàrin ogun àgbáyé kìn-ín-ní àti èkejì, iná Soho ràn. Àwọn tí wọ́n ti ṣe agbáwo àti ọmọ ọ̀dọ̀ alásè ní ilé ìtura àwọn ọlọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí dá tiwọn sílẹ̀. Peppino Leoni ṣí Quo Vadis ní Dean Street ní ọdún 1926. Àwọn ilé tí ó fẹjú dé lẹ́yìn náà kan èyí tí Karl Marx gbé nígbà ìṣẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 1929, àwọn ọmọ ìyá méjì tí ń jẹ́ Camisa ṣí ṣọ́ọ̀bù tiwọn ní àdúgbò kan náà. Ó dà bí ẹni pé àlejò ti di ará ilé.

Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún 1940, Mussolini kéde ogun sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Alẹ́ ọjọ́ náà kò tíì jinlẹ̀ tí àwọn èrò fi ya bo ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Ìtálì ní Soho, ní Liverpool, ní Edinburgh, tí wọ́n ń fọ́ dígí tí wọ́n sì ń kó ọjà. Àwọn tí wọ́n ti ń ra áísìkirimù lọ́wọ́ wọn láti kékeré wà nínú àwọn tí ó sọ òkò. Àwọn onílé ìtajà mìíràn sáré lẹ ìwé mọ́ fèrèsé pé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn. Ìjọba pàṣẹ pé kí wọ́n kó àwọn ọkùnrin Ìtálì tí ọjọ́ orí wọ́n jẹ́ 16 sí 70, tí wọn kò tíì lo 20 ọdún ní ilẹ̀ náà, pẹ̀lú gbogbo ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà nínú ìwé àwọn tí a fura sí. Òótọ́ ni pé àwọn kan wà nínú ẹgbẹ́ Mussolini. Òótọ́ sì ni pé fún púpọ̀ nínú wọn, ibi ìpàdé àwọn ọmọ ìlú kan náà lásán ni ẹgbẹ́ ọ̀hún jẹ́. Kò sí ẹni tí ó fara balẹ̀ ṣa ọkà kúrò nínú ìyàngbò. Leoni, onílé Quo Vadis, di ará àgọ́ àhámọ́.

Wọ́n kó àwọn mìíràn sínú ọkọ̀ ojú omi *Arandora Star* láti Liverpool, pé kí wọ́n lọ há wọn mọ́ Kánádà. Èrò inú ọkọ̀ náà lé ní 1,500: àwọn ará Ìtálì, àwọn ará Jámánì, àwọn ọmọ ogun tí ń ṣọ́ wọn àti àwọn atukọ̀. Kò sí àmì kankan lára ọkọ̀ náà tí ó fi hàn pé ẹni àhámọ́ ni ó kó. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 2 oṣù keje, ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn ará Jámánì lù ú ní ìwọ̀-oòrùn Ireland, ó sì rì. Àwọn tí ó kú lé ní 800. Àwọn ará Ìtálì tí ó wà nínú wọn lé ní 400. Alásè, agbáwo, oníṣọ́ọ̀bù, oní-áísìkirimù ni púpọ̀ nínú wọn. Decio Anzani, tí ó ti ń bá Mussolini jà láti Lọ́ńdọ̀nù fún ọdún gbọọrọ, wà nínú àwọn tí omi gbé lọ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rẹ́ Mussolini. Ìrántí wọn wà lára ògiri ilé ìjọsìn Clerkenwell títí di òní.

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù nínú ìtàn yìí ni pé wọ́n tún ilẹ̀kùn ṣí. Ogun kò tíì parí ní ọdún 1944 nígbà tí Lina Stores bẹ̀rẹ̀ ní Brewer Street. Ní 1949, Bar Italia ṣí ní Frith Street, nínú ilé tí John Logie Baird ti fi tẹlifíṣọ̀n han àwọn onímọ̀ ní 1926. Ní 1953, Moka Bar bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹ̀rọ Gaggia po kọfí ní òpópónà kan náà, àwọn ọ̀dọ́ ìlú sì ń rọ́ lọ síbẹ̀. Síbẹ̀, àìmọ̀ ọmọ onílẹ̀ ṣì pọ̀. Inú ṣọ́ọ̀bù olóògùn ni ọ̀pọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti mọ òróró ólífì, nínú ìgò kékeré tí wọ́n fi ń tọ́jú etí. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹrin ọdún 1957, BBC fi àwọn obìnrin kan hàn lórí tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ń já sùpàgẹ́tì lórí igi bí ẹni ń já èso. Àwọn òǹwòran kan sì kọ̀wé béèrè bí àwọn náà ṣe lè gbin irú igi bẹ́ẹ̀. Elizabeth David ti tẹ ìwé rẹ̀ lórí oúnjẹ Ìtálì jáde ní 1954, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ se ohun tí ó kọ, Soho ni yóò lọ.

Lónìí, omi titun ti rú, ẹja titun sì ti wọ̀ ọ́. Òfin ń bá ẹni tí ń wá ojúlówó ṣiṣẹ́ díẹ̀. Láti ọdún 1996 ni òfin Yúróòpù ti dáàbò bo orúkọ Parmigiano Reggiano: kò gbọdọ̀ dín ní oṣù 12 kí ó tó gbó, wọ́n sì máa ń tẹ orúkọ rẹ̀ sí ara èèpo rẹ̀ yíká. Kí oníbàárà wo èèpo. Kí ó sì wo ìwé oúnjẹ pẹ̀lú. Ní Róòmù, ẹyin, wàràkàṣì, ọ̀rá ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ àti ata dúdú ni wọ́n fi ń se *carbonara*, wọn kì í da ọ̀rá wàrà sí i. Ní Bologna, pásítà pẹlẹbẹ ni wọ́n fi ń jẹ ọbẹ̀ ẹran wọn, kì í ṣe sùpàgẹ́tì. Ọdún 1861 ni Ìtálì di orílẹ̀-èdè kan. Kí ó tó di ìgbà náà, ará Parma ni ará Parma, ará Lucca ni ará Lucca. Ilé oúnjẹ tí ó bá lè sọ ìlú tí ọbẹ̀ rẹ̀ ti wá sàn ju èyí tí ó kàn ń pe ara rẹ̀ ní ti Ìtálì lọ.

Síbẹ̀, òfin lè ṣọ́ wàràkàṣì, kò lè ṣọ́ ìrántí. Àwọn ará Ìtálì ti ṣí kúrò ní Clerkenwell láti ìgbà tí ogun parí. Ní oṣù keje ọdọọdún ni àwọn ọmọ wọn máa ń padà wá gbé ère Màríà yí àdúgbò náà ká. Ọmọ Yorùbá tí ń ra èlùbọ́ ní Peckham lónìí mọ ohun tí mò ń sọ. Òun náà ni olùdánwò lónìí. Bí àwọn ọmọ rẹ̀ bá ṣí lọ, ta ni yóò mọ èlùbọ́ tí ó kan?

Nítorí náà, bí ẹ bá rí àsíá aláwọ̀ mẹ́ta náà ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ má ṣe kàn án lójú, ẹ má sì jẹ́ kí ó tàn yín. Ó rọrùn láti gbé e kọ́ lónìí, nígbà tí ó ń pe oníbàárà wọlé. Àwọn tí ó yẹ kí a jẹun wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ni àwọn tí àsíá kan náà sọ di ọ̀tá ní alẹ́ ọjọ́ kan, tí wọ́n gbá dígí fífọ́ kúrò nílẹ̀, tí wọ́n sì tún dáná ọbẹ̀ ìyá wọn.