Idà tó lórúkọ àti idà tí kò lórúkọ



Ọmọ kíláàsì mi kan bi mí pé ṣé òótọ́ ni pé àwọn òyìnbó ń fi owó ńlá ra ọ̀bẹ àtijọ́. Mo ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe irin nìkan ni wọ́n ń rà.

Ẹ wo àwọn ará Scotland. Wọ́n ní ọ̀bẹ gígùn kan tí wọ́n ń so mọ́ ìbàdí, dirk ni wọ́n ń pè é. Ní 1746, nígbà tí àwọn ọmọ ogun ọba Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun wọn ní Culloden, òfin de ohun ìjà lọ́wọ́ àwọn ará òkè ibẹ̀. Àwọn tó wọ iṣẹ́ ológun ọba ni òfin náà kò mú. Báyìí ni ọ̀bẹ ogun ṣe di ọ̀bẹ ẹ̀yẹ àwọn ọ̀gá ológun. Wọ́n fi fàdákà àti òkúta dídán ṣe èèkù rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́, wọ́n ki ọ̀bẹ kékeré àti àmúga sára àkọ̀ rẹ̀. Lára òmíràn, wọ́n fín orúkọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun àti ogun tí wọ́n jà. Orúkọ wọ̀nyẹn ni àwọn tó ń kó wọn jọ ń wá.

Àwa náà ní idà ẹ̀yẹ. Àwọn ìjòyè Ọ̀wọ̀ ní udamalore. Ní Dahomey, ère onírin Gou, Ògún tiwa náà ni, gbé idà lọ́wọ́. Akati Ekplekendo ni wọ́n ní ó rọ ọ́. Ní 1894, ọ̀gá ológun Faransé kan, Fonssagrives, gbé e kúrò ní Ouidah. Ní November 2021, France dá ohun ìṣẹ̀ǹbáyé 26 padà fún Bénin. Gou kò sí nínú wọn, Paris ló wà. Síbẹ̀, a mọ orúkọ rẹ̀, a mọ ibi tí wọ́n ti gbé e, nítorí náà a lè béèrè rẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí ni tilé wa. Lọ́dún tó kọjá, mo rí idà kan tó ní èèkù idẹ lọ́dọ̀ ẹni tó ń ra àlòkù irin. Orí òṣùwọ̀n ni wọ́n gbé e sí pẹ̀lú ìkòkò tó ti jò. Mo bi ẹni tó tà á pé ta ló ni ín tẹ́lẹ̀. Ó ní ti bàbá bàbá òun ni, òun ò mọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí òyìnbó tó jí ìyẹn gbé o.

Àwọn àgbà ní bí a ò bá bá ìtàn, a ó bá àrọ́bá. Ẹ jẹ́ ká bi àwọn àgbà tó ṣẹ́kù: ta ló rọ ọ́? Ta ló so ó mọ́ ìdí? Oyè wo, ogun wo? Ẹ yà á ní fọ́tò, ẹ kọ ìdáhùn sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Èyí tó wà nílé tiyín ńkọ́, kí lorúkọ ẹni tó ni ín?